A Gbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ta Ni Òwe Náà Ń Bá Wí?

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fi ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ yín sílẹ̀ wá síbí, mo dúpẹ́. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí òfin ṣe lè mú ẹni ńlá tó bá fipá bá ọmọ ọlọ́mọ lò. Agbẹjọ́rò ni mí, kóòtù ni ibi iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n pálọ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí ti ń kú kó tó dé iwájú adájọ́.

Ìyá kan pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní kí n máa bọ̀ kíákíá, àwọn àgbà ti kún ilé òun. Mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá ọkùnrin márùn-ún lórí àga, mẹ́ta nínú wọn wọ agbádá. Páálí mọ́ọ̀tì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tí wọ́n torí rẹ̀ wá kò sí láàárín wọn, ilé rẹ̀ ló jókòó sí. Òun ló ń san owó ilé ìwé fún ọmọ mẹ́rin ládùúgbò yẹn. Òun ló fi owó tó pọ̀ jù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ tó ń gbé iná wá sí òpópónà wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí wà ní kíṣìnnì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Aṣọ ìkélé lásán ló wà láàárín òun àti pálọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń gbọ́.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ọmọ mi, a ò sọ pé ọmọ rẹ ń parọ́ o. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé a gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àti pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Gbogbo wọn mi orí. Èmi ń wo aṣọ ìkélé yẹn. Ẹ̀wà tó ń dún bó ṣe ń bọ́ sínú abọ́ ti dákẹ́.

Òwe méjì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Mo fẹ́ràn òwe, ilé tí wọ́n ti ń pa á ni wọ́n bí mi sí. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí mo bá rí i pé wọ́n fi òwe dí ẹnu ọmọdé.

A gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Ta ni òwe náà ń bá wí? Ẹni tó fẹ́ dájọ́ ni. Ó ń sọ fún un pé kó má tíì dá a, kó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Níbo ni òwe náà ti wá sọ pé kó má gbọ́ tẹnu ẹni àkọ́kọ́? Ní pálọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó pe ọmọ náà jáde láti kíṣìnnì kó wá rò. Kò sẹ́ni tó mú ọkùnrin náà wá kó wá fèsì. Síbẹ̀ wọ́n ti dá ẹjọ́ tán kí n tó dé: kí ìyá gba owó ìtọ́jú, kí ó gba mọ́ọ̀tì, kí ó dákẹ́. Wọn ò gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, áńbèlètè ẹni méjì. Ẹjọ́ tí wọn ò gbọ́ rárá ni wọ́n dá, àwọn ni wọ́n sì ń pa òwe fún wa.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní kí ẹ gba ọmọ gbọ́, ẹ má rò pé mò ń ní kí ẹ gba iṣẹ́ adájọ́ ṣe. Mò ń ní kí ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ibi tí wọ́n á ti lè wádìí rẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá gbà gbọ́ á dé ilé ìwòsàn, á dé àgọ́ ọlọ́pàá, á dé kóòtù, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á sì rí ibi tí yóò ti sọ tirẹ̀. Ọmọ tí ẹ ò bá gbà gbọ́, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pin sí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ohùn kan gba orí fóònù gbogbo wa kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Akindele ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sọ̀rọ̀, ẹni tó ń kàwé fún oyè kejì. Ó ní kó bá òun sùn lẹ́ẹ̀márùn-ún kí òun tó tún máàkì rẹ̀ ṣe. Bí ẹni ń ná iṣu lọ́jà ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Kò sí ìtìjú nínú ohùn yẹn, kò sì sí ìbẹ̀rù. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ló gba ohùn náà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, yunifásítì lé ọ̀jọ̀gbọ́n náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àjọ ICPC, tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo. Ó kọ́kọ́ ní òun ò jẹ̀bi, nígbà tó yá ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2018, Adájọ́ Maureen Onyetenu dá ẹ̀wọ̀n fún un lórí ẹ̀sùn mẹ́rin. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọdún 6 ni, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n jọ máa rìn pọ̀ ni, ọdún 2 ló bọ́ sí.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tó ń kàwé ní ilẹ̀ wa rí i pé ọ̀jọ̀gbọ́n lè torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun kan ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Fóònù la gbà gbọ́, a ò gba ọmọ náà gbọ́. Ká ní báttìrì rẹ̀ ti kú lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ká ní ó lọ sọ ọ́ lẹ́nu lásán fún olórí ẹ̀ka wọn? Àti pẹ̀lú ohùn tó wà nílẹ̀ yẹn, mo ṣì gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, àwọn obìnrin wà lára wọn, tí wọ́n ń bèèrè pé kí ló gbé e dé ibi tó fi ń gba ohùn olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ó dẹ pańpẹ́ fún bàbá àgbàlagbà. Pańpẹ́ wo ló lè mú ẹni tí kò bèèrè ohunkóhun?

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ yín lè má kíyè sí. Òfin wo ni wọ́n fi mú un? Òfin tó de ìwà jẹgúdújẹrá ti ọdún 2000 ni, òfin tí wọ́n fi ń mú ẹni tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ara ọmọbìnrin náà ni òfin kà sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. ICPC gbọ́n, mo yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ihò tó wà nínú òfin wa ti tó, tí a fi ní láti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní oṣù Keje 2020, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin kan tó lè rán olùkọ́ tó bá ń fi ìbálòpọ̀ yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu lọ sí ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 14. Títí ìjọba ìgbà náà fi kógbá wọlé, ààrẹ kò fọwọ́ sí i.

Kí n tó kúrò lórí òfin, ẹ jẹ́ kí n ṣí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn fún yín wò. Abala 218 ní ẹni tó bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lò pọ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n gbére jura. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀: láàárín oṣù 2 tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ ni ẹjọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù méjì! Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti halẹ̀ mọ́ pé ìyá rẹ̀ á kú tó bá sọ̀rọ̀, ṣé inú oṣù méjì ni yóò ti rí ẹnu sọ ọ́? Abala náà tún ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àfi kí ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn. Ta ni ẹ rò pé ẹni tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń pè wá wòran?

Èyí tó bí mi nínú jù nìyí. Abala 353 ní ẹni tó bá fi ọwọ́ ìṣekúṣe kan ọkùnrin lè rí ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Abala 360 ní tó bá jẹ́ obìnrin ló fi ọwọ́ kàn, ọdún 2 ni. Inú ìwé kan náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ní yunifásítì, mo rò pé àṣìtẹ̀ ni.

Nǹkan ti ń yí padà o, ẹ má jẹ́ kí n ba yín lọ́kàn jẹ́. Ní 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó de ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP. Òfin yẹn gbà pé wọ́n lè fipá bá ọkùnrin náà lò, pé kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìfipábánilòpọ̀ fi ń wáyé. Ẹ̀wọ̀n gbére ló là sílẹ̀. Bí adájọ́ bá tilẹ̀ fẹ́ ṣàánú àgbàlagbà tó ṣe é, kò gbọ́dọ̀ dín sí ọdún 12, kò sì sí owó ìtanràn níbẹ̀. Ó tún pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá dá lẹ́bi sínú ìwé kan tí ará ìlú lè rí. Abùjá nìkan ni òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn dé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011. Ẹ lọ bèèrè ti ìpínlẹ̀ yín lọ́wọ́ aṣòfin tí ẹ dìbò fún.

Ẹ jẹ́ ká padà sí pálọ̀. Òwe kejì: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn, òwe yẹn tọ́ sí wọn, torí wọ́n á ṣì jọ sin òkú, wọ́n á ṣì jọ jẹ ogún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ta ló fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́? Bí mo ṣe bi wọ́n nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Mo wá sọ ohun kan fún wọn tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbé relé. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe gbèsè tí ìdílé lè dárí rẹ̀ jini. Ìjọba ló ni ẹjọ́. Abala 127 nínú ìwé òfin kan náà ní ẹni tó bá gba owó tàbí ohun-ìní kí ó lè bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀, ó ti dá ọ̀ràn tirẹ̀. Bí ọ̀ràn tó bò bá jẹ́ èyí tí ẹ̀wọ̀n gbére tọ́ sí, ọdún 7 ni ẹni tó gba owó lè fi jura. Mo na ọwọ́ sí páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní, ẹ̀yin bàbá, bí ìyá yìí bá gba èyí lónìí, òun àti ọkùnrin yín lè jọ wà nínú ẹ̀wọ̀n. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan dìde, ó gbé páálí kan sí èjìká, èkejì gbé ìkejì. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn.

Wọn ò burú o. Mo mọ méjì nínú wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ohun tó kó wọn jọ ni pé ọkùnrin náà ń bọ́ àdúgbò. Bí wọ́n bá gba ọmọ gbọ́, ta ni yóò san owó ilé ìwé? Èmi mọ̀ pé bí agbára ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò fi ìbọn lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn ti ṣe gbogbo wa lóore kí ọjọ́ náà tó dé.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, ìyá náà bú sẹ́kún, ó ní òun ti wẹ ọmọ náà, òun ti fọ pátá rẹ̀, òun ti sá a sórí okùn. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ìyá wo ni kò ní wẹ ọmọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti bá omi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi dáadáa níbí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ wé aṣọ náà sínú bébà, ìwé ìròyìn mímọ́ dára. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, torí ọ̀rá a máa mú un làágùn, ohun tí dókítà fẹ́ rí á sì bàjẹ́. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè wọlé, láàárín wákàtí 72 ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti oyún, ọjọ́ 5 ni òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ní Èkó, Mirabel Centre tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 2013, òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, wọn kì í sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fipá bá lò. Ti ọmọ yẹn, wákàtí bí ọgbọ̀n ló ti kọjá nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà. A bá oògùn.

Bí ọmọ bá sì pẹ́ kó tó sọ ọ́, ẹ má fi ìyẹn pè é ní òpùrọ́. Ẹ mọ R. Kelly, olórin tí orin rẹ̀ kò fi òde ìgbéyàwó kankan sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa níbí nígbà kan. Ní 2002 ni wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí fídíò kan tí wọ́n ní òun àti ọmọdébìnrin kan ló wà nínú rẹ̀. Ó di 2008 kí ẹjọ́ tó wáyé. Ọmọbìnrin náà kò wá jẹ́rìí. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti sọ fún àwọn tó ń wádìí pé òun kọ́ ló wà nínú fídíò. Àwọn ará ìlú méjìlá tó ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún dá R. Kelly láre lórí gbogbo ẹ̀sùn 14. Ní oṣù Kẹjọ 2022, obìnrin ọdún 37 kan jókòó níwájú ilé ẹjọ́ ní Chicago yẹn náà. "Jane" ni wọ́n ń pè é, kí orúkọ rẹ̀ gan-an má baà jáde. Ó ní òun ni ọmọ inú fídíò yẹn, ọmọ ọdún 14 ni òun, irọ́ ni òun pa lọ́jọ́sí nítorí ẹ̀rù, àti nítorí pé òun fẹ́ dáàbò bo ọkùnrin náà. Wọ́n gbà á gbọ́. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ilé ẹjọ́ kan ní Brooklyn ti dá ẹ̀wọ̀n ọdún 30 fún R. Kelly, lẹ́yìn ẹ̀rí Jane, Chicago fi ọdún 20 lé e, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á sì bá ti àkọ́kọ́ rìn pọ̀.

Àwọn kan nínú àwọn tó jẹ́rìí ní Brooklyn, ẹ̀yìn 2008 ni wọ́n bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ní ọdún tí wọ́n dá a láre, àwọn ọmọ yẹn ṣì wà nílé bàbá wọn.

Kí n tó dìde sọ̀rọ̀, bàbá kan bi mí pé, "Bí ọmọ bá parọ́ mọ́ èèyàn ńkọ́?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, mi ò sì ní fi ọwọ́ gbá a dànù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́, kóòtù ló lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ló ti lè gba agbẹjọ́rò, kí wọ́n bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè títí òótọ́ á fi jáde, kó sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n fi mọ́ọ̀tì yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní pálọ̀, títí yóò fi kú ni wọ́n á máa yọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bó mọ́ ni o, bí kò mọ́ ni o.

Ẹ̀tọ́ afurasí kì í ṣe ọ̀tá ọmọ yín. Harvey Weinstein, òléwájú nínú ilé iṣẹ́ fíìmù ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá a lẹ́bi ní New York ní 2020, wọ́n fún un ní ọdún 23. Ní oṣù Kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà wọ́gi lé e, torí pé adájọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn obìnrin kan jẹ́rìí lórí ohun tí kò sí nínú ẹ̀sùn. Àwọn tó ti sọkún níwájú kóòtù lẹ́ẹ̀kan tún ní láti padà wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ní 2025. Wọ́n tún dá a lẹ́bi, lórí ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọlọ́pàá tí ẹ wà níbí, ẹ̀yin agbẹjọ́rò ìjọba, ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn: ẹ ṣe iṣẹ́ náà kó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá ṣi ọ̀rọ̀ ọmọ kọ ní àgọ́, ọmọ yẹn ló máa san án ní kóòtù.

Torí ẹni ńlá kì í sá fún ẹjọ́, ó ń fà á gùn ni. Lónìí agbẹjọ́rò rẹ̀ ń ṣàìsàn, lọ́la wọn ò rí ìwé kan, lọ́túnla adájọ́ ti lọ sí ìpàdé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún un síwájú, ìyá yẹn ti pàdánù ọjọ́ ọjà kan, ọmọ náà ti pàdánù ọjọ́ ilé ìwé kan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́, ẹ bá wọn dé kóòtù. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn wọn. Ẹ san owó mọ́tò wọn. Ọkùnrin náà kì í dá wá, èèyàn bí ogún ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní la ó padà síbẹ̀. Ọjọ́ náà ni ọmọ náà máa jẹ́rìí. Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá mo lọ bá wọn nílé, mo ṣàlàyé bí yàrá kóòtù ṣe rí fún un: ibi tí adájọ́ máa ń jókòó, ibi tí òun máa jókòó, pé a ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi aṣọ dí i kó má baà rí ojú ọkùnrin náà. Mo ní bí ohunkóhun bá ń bà á lẹ́rù, kó bi mí. Ó ronú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé adájọ́ máa jẹ́ kí n sọ ọ́ tán?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní ó dáa. Ó padà sí kíṣìnnì, ó ká aṣọ ìkélé náà, ó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níṣojú wa.